Ọdún Tí Ife Stanley Kò Rí Ẹni Gbà Á: Sáà Họ́kì Orí Yìnyín 1918 sí 1919

Ife Stanley ni ife ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún àwọn tó fi họ́kì orí yìnyín ṣe iṣẹ́ jẹun ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Lord Stanley, tí Ọbabìnrin Victoria fi ṣe gómìnà àgbà ilẹ̀ Kánádà, ló fi ta àwọn eléré lọ́rẹ ní ọdún 1892, ikọ̀ kan láti ìlú Montreal ló sì kọ́kọ́ gbà á ní 1893. Orúkọ ikọ̀ tó bá gbà á ni wọ́n ń fín sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n fín ọdún 1919 sí, orúkọ ikọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, Montreal Canadiens àti Seattle Metropolitans, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdíje náà kò parí. Orí ìwé yìí yóò sọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ tí ẹ óò kà á ni kò tíì fojú rí họ́kì orí yìnyín, nítorí náà eré náà fúnra rẹ̀ la ó kọ́kọ́ ṣàlàyé.

Ní Kánádà, tí ìgbà òtútù bá dé, omi adágún àti omi odò a dì gbagidi débi pé ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀. Orí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ ti ń mú omi dì. Bàtà tí wọ́n ń wọ̀ ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú ní àtẹ́lẹsẹ̀. Irin yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n lè sáré lórí ohun tí ẹlòmíràn kò lè dúró lé. Igi gígùn tó tẹ̀ lẹ́nu ló máa ń wà lọ́wọ́ kálukú wọn. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi igi náà gbá. Rọ́bà dúdú kan ni, ó rí róbótó, ó sì pẹlẹbẹ. Pọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ̀ tó ìdí agolo mílíìkì, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, ó sì le débi pé bó bá ba ènìyàn lẹ́nu, eyín lè ká. Ilé tí wọ́n ń gbá a sí kò tóbi: ó fẹ̀ ní mítà 1.83, ó sì ga ní mítà 1.22. Aṣọ́lé ló ń dúró síwájú rẹ̀, ní ayé ìgbà tí à ń sọ yìí kò sì sí ìbòjú kankan lójú rẹ̀. Ìpín mẹ́ta ni eré kan ní, ìṣẹ́jú 20 sì ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Lóde òní, àwọn eléré máa ń pààrọ̀ ara wọn lemọ́lemọ́ kí wọ́n lè mí. Ní 1919, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ eré ló sábà máa ń parí rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà débẹ̀.

Sáà ni gbogbo àsìkò láti ọjọ́ eré àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí ẹnì kan yóò gba ife. Ìpele méjì ló máa ń ní. Ní ìpele àkọ́kọ́, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á bá àwọn yòókù gbá lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á sì máa ka iye eré tí ó borí. Ní ìpele kejì, àwọn tó ṣe dáadáa jù á wá máa yọ ara wọn kúrò títí yóò fi ku ẹyọ kan. Ní sáà 2024 sí 2025, ikọ̀ 32 ló wà nínú líìgì tí wọ́n ń pè ní NHL, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbá eré 82 ní ìpele àkọ́kọ́ nìkan. Ti 1918 kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ikọ̀ mẹ́ta péré ló wà.

NHL ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún kan ni nígbà náà. Ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 1917 ni àwọn tó ni ikọ̀ họ́kì ní ìlà-oòrùn Kánádà dá a sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì Windsor ní Montreal, tí wọ́n sì fi Frank Calder ṣe ààrẹ rẹ̀. Ikọ̀ mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní 1918, iná jó gbọ̀ngàn yìnyín Montreal kanlẹ̀, ikọ̀ Montreal Wanderers kò sì lè tẹ̀ síwájú mọ́. Ó wá ku Montreal Canadiens, Ottawa Senators àti ikọ̀ Toronto, tí wọ́n ń pè ní Arenas. Toronto yìí ló gba Ife Stanley ní sáà àkọ́kọ́ náà.

Sáà kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 1918. Ogun Àgbáyé Kìíní ti parí láti ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, inú àwọn ènìyàn sì ń dùn pé ikú ti dáwọ́ dúró. Kò tíì dáwọ́ dúró. Ọ̀fìnkìn líle kan ti ń jà káàkiri ayé, ó ń di òtútù àyà sí ẹni tó bá mú lára, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le gan-an ló sì ń pa jù. Ní oṣù kẹsàn-án 1918, ó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ottawa, Hamby Shore, tó ti gbá fún Senators lọ́pọ̀ ọdún, kú nínú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ní Seattle, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ìjọba ìlú ti ilé ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn àti ilé sinimá pa láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kọkànlá, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn máa fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1919, ó tún gbérí.

Calder pín ìpele àkọ́kọ́ sí méjì: ẹni tó bá ṣáájú ní ìlàjì kìíní yóò pàdé ẹni tó bá ṣáájú ní ìlàjì kejì. Canadiens ló ṣáájú ní ìlàjì kìíní, wọ́n borí nínú eré 7 nínú 10. Ottawa ló gba ìlàjì kejì, eré kan ṣoṣo ni wọ́n sì pàdánù níbẹ̀. Ní sáà yìí kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ fa ìlà méjì kọjá lórí yìnyín NHL, tí wọ́n sì fàyè gbà á kí eléré máa ta pọ́ọ̀kì síwájú fún ẹnìkejì rẹ̀ ní àárín ìlà méjèèjì. Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n lè ta á sí. Ìyípadà kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n òun ló mú kí eré náà yára.

Toronto ni kò rí ojú rere sáà yìí. Àwọn tó gba ife lọ́dún tó ṣáájú pàdánù eré 13 nínú 18, òǹwòran kò wá mọ́, ẹjọ́ lórí ẹni tó ni ikọ̀ náà sì wà ní kóòtù. Nígbà tó di oṣù kejì, wọ́n sọ fún Calder pé àwọn ò lè gbá mọ́. Ìdí nìyí tí ìlàjì kejì fi mọ sí eré 8. Ikọ̀ méjì ló kù, kò sì sí ohun mìíràn láti ṣe ju kí àwọn méjèèjì kojú ara wọn, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin gba ipò.

Canadiens borí, eré 4 sí 1. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wò ni balógun ikọ̀ wọn, Edouard Lalonde, tí wọ́n ń pè ní Newsy nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ nílé ìwé ìròyìn nígbà èwe rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 1919, àmì ayò 6 ni Montreal jẹ, òun nìkan ló sì jẹ 5 nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Georges Vézina, ọmọ Chicoutimi, ń ṣọ́lé. Lára àwọn tó ń dènà níwájú Vézina ni Joe Hall wà, ẹni tí wọ́n bí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dàgbà sí Brandon ní Kánádà. Ọwọ́ Hall le lórí pápá. Kò sí eléré tí wọ́n ń lé jáde fún ìyà tó o ní sáà náà. Àgbà ni láàárín wọn, ó sì ti gba Ife Stanley lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ikọ̀ Quebec, ní 1912 àti 1913.

Bíborí Ottawa kò tíì sọ wọ́n di olówó ife. Ní ayé ìgbà náà, líìgì mìíràn wà ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn, èyí tí àwọn ọmọ ìyá méjì, Lester àti Frank Patrick, dá sílẹ̀ ní 1911. Ẹni tó bá ṣáájú ní ìlà-oòrùn gbọ́dọ̀ pàdé ẹni tó bá ṣáájú ní ìwọ̀-oòrùn kí Ife Stanley tó rí olówó. Lọ́dún yẹn, Seattle Metropolitans ló borí Vancouver, àròpọ̀ àmì ayò 7 sí 5 nínú eré méjì. Seattle yìí ni ikọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba ife náà, ní 1917, Canadiens gan-an ni wọ́n sì nà nígbà náà. Bernie Morris jẹ àmì ayò 14 nínú eré mẹ́rin ti 1917 yẹn. Ní 1919 kò sí lórí pápá: àwọn ológun Amẹ́ríkà ti mú un, wọ́n ní kò jẹ́ ìpè láti wọṣẹ́ ogun.

Canadiens wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Seattle, ìrìn tó lé ní kìlómítà 4,000. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà láti yanjú. Ènìyàn mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí yìnyín ní ìlà-oòrùn. Ní ìwọ̀-oòrùn, méje ni. Àdéhùn wọn ni pé bí wọ́n bá fi òfin ìwọ̀-oòrùn gbá lónìí, òfin ìlà-oòrùn ni wọ́n á fi gbá eré tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹta ló ni ife.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, pẹ̀lú òfin tó mọ́ Seattle lára, wọ́n na Montreal 7 sí 0. Ní ọjọ́ 22, òfin yí padà, Montreal náà sì borí 4 sí 2. Lalonde nìkan ló jẹ gbogbo mẹ́rin náà. Ní ọjọ́ 24, Seattle tún nà wọ́n 7 sí 2, Frank Foyston jẹ mẹ́rin. Bí òfin bá ti yí ni ẹni tó ń borí ń yí. Ó hàn gbangba pé ikọ̀ méjèèjì mọ eré, ohun tí kálukú ti kọ́ láti kékeré ló yàtọ̀.

Eré kẹrin, ní ọjọ́ 26, ni àwọn tó wò ó kò gbàgbé. Ìṣẹ́jú 60 pé, kò sẹ́ni tó jẹ àmì ayò. Cully Wilson ti Seattle ti gbá ọ̀kan wọlé ní ìparí ìpín àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n agogo ti dún kí pọ́ọ̀kì tó wọlé, adarí eré kò sì kà á. Wọ́n fi àkókò kún un, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ. Vézina kò jẹ́ kí nǹkan kan wọlé ní tirẹ̀, Hap Holmes tó ń ṣọ́lé fún Seattle náà kò jẹ́ kó wọlé. Ẹ rántí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn tó lè pààrọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, òmíràn nínú wọn ṣubú sórí yìnyín níbi tó dúró sí, àwọn òǹwòran sì dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ikọ̀ méjèèjì pọ̀. Ọ̀mì ni wọ́n ta, 0 sí 0.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n tún padà sórí pápá. Lẹ́yìn ìpín méjì, Seattle ti jẹ 3, Montreal kò tíì jẹ nǹkan kan. Ó ku ìṣẹ́jú 20 kí ife bọ́ sọ́wọ́ Seattle. Odie Cleghorn dá ọ̀kan padà, Lalonde dá méjì padà, ó di 3 sí 3. Nínú àfikún àkókò, ó ti rẹ Seattle pátápátá: Foyston ti farapa, bàtà Jack Walker bàjẹ́, agbára sì tán lẹ́sẹ̀ Wilson. Jack McDonald ló gbé pọ́ọ̀kì lọ sọ sílé wọn. Montreal borí 4 sí 3. Eré méjì di ti Seattle, méjì di ti Montreal, ọ̀kan jẹ́ ọ̀mì. Eré kan ṣoṣo ló kù, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ni wọ́n sì fi í sí.

Joe Hall kò parí eré karùn-ún yẹn. Ó kúrò lórí yìnyín nítorí pé ara rẹ̀ kò yá. Kí ọjọ́ méjì tó pé, ìdajì ikọ̀ Montreal ti wà lórí ibùsùn: Hall, Lalonde, McDonald, Louis Berlinquette, Billy Coutu, àti George Kennedy tó ni ikọ̀ náà tó sì ń darí rẹ̀. Ibà gbóná lára wọn, ọ̀fìnkìn náà ti dé. Kò sẹ́ni tó lè sọ ní pàtó ibi tí wọ́n ti kó o. Lónìí, a mọ̀ pé atẹ́gùn tí aláìsàn bá mí jáde ló ń gbé e, àti pé ẹni tó bá ti lo ara rẹ̀ jù lè má lágbára láti dènà rẹ̀. Ní 1919, àwọn dókítà kò tíì mọ ohun tó ń fà á; ọdún 1933 ni wọ́n tó rí kòkòrò náà. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti dá àwọn tó ṣètò eré náà lẹ́bi bí ẹni pé wọ́n mọ ohun tí àwa mọ̀.

Kennedy béèrè bóyá òun lè yá eléré láti ikọ̀ Victoria, tó wà nínú líìgì ìwọ̀-oòrùn, kí eré tó kù lè wáyé. Frank Patrick, ààrẹ líìgì ìwọ̀-oòrùn, kọ̀. Ní wákàtí díẹ̀ sí àkókò eré, wọ́n fagi lé e. Kennedy wá sọ pé kí Seattle máa gbé ife lọ, nítorí pé ìwé òfin sọ pé ikọ̀ tí kò bá lè kó ènìyàn wá ti pàdánù.

Ibi yìí ni ìpinnu tó ṣe kókó jù nínú gbogbo sáà náà ti wáyé. Pete Muldoon, akọ́nimọ̀ọ́gbá Seattle, ní òun kò ní gbà á. Ó ní kò bójú mu láti gba ife lọ́wọ́ àwọn tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Bí ó bá gbà á, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Kódà bí a bá ka gbogbo àmì ayò eré márùn-ún náà pọ̀, 19 ni Seattle jẹ, Montreal jẹ 10. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé ó yẹ kí orúkọ Seattle nìkan wà lára ife. Èmi kò fara mọ́ ọn. Iye eré tí ikọ̀ borí ni àdéhùn wọn, kì í ṣe àròpọ̀ àmì ayò, iye eré sì dọ́gba. Muldoon ti wà níbẹ̀, ó mọ ẹni tó dára jù nínú ìdájọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ ó yàn pé kí ife má rí olówó. Òun ni mo gbà pé ó hùwà tó dára jù lọ nínú gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìtàn yìí, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣeré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn yòókù gbádùn díẹ̀díẹ̀. Àìsàn Joe Hall di òtútù àyà, ó sì kú nílé ìwòsàn ní Seattle ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 1919, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbá eré àṣekágbá. Ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Vancouver ni wọ́n sin ín sí. Ní 1961, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú Gbọ̀ngàn Ògbóǹtarìgì Họ́kì. Ara Kennedy náà kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ó kú ní 1921, ìyàwó rẹ̀ sì ta Canadiens ní dọ́là 11,000.

NHL kò tú ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ rò pé yóò tú. Toronto padà ní sáà tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú orúkọ tuntun, St. Patricks, láti 1927 ni wọ́n ti ń jẹ́ Maple Leafs. Ní 1920, Seattle tún dé ìdíje àṣekágbá, wọ́n rìnrìn àjò lọ sí ìlà-oòrùn, Ottawa sì borí wọn. Wọn kò gba ife náà mọ́. Nígbà tó di 1924, ikọ̀ Metropolitans kásẹ̀ ńlẹ̀, wọ́n sọ gbọ̀ngàn yìnyín wọn di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún kí Seattle tó tún ní ikọ̀ tó lè du Ife Stanley: ikọ̀ Kraken ni, inú NHL ni wọ́n sì wọ̀ ní 2021.